Ohun Tí “Ẹ Jẹ́ Ká Ṣì Máa Wò Ó Ná” Fi Ṣe Àwọn Ọmọbìnrin Japan

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí ìjọba Japan yàn ṣe ìpàdé ní Tokyo, wọ́n sì fẹnu kò sórí ìpinnu kan tó jọ ìpinnu ọlọgbọ́n. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, mọ́. Wọn kò sọ pé abẹ́rẹ́ náà burú. Ọ̀fẹ́ ló ṣì wà, dókítà sì lè gún un fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá bèèrè fún un. Ohun tí wọ́n ní kí ìjọba dáwọ́ rẹ̀ dúró ni gbígba àwọn òbí níyànjú: kí ìjọba ìbílẹ̀ má kọ lẹ́tà sílé mọ́ pé ọmọ yín ti tó ọjọ́ orí, ẹ mú un wá. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, títí àwọn yóò fi mọ òótọ́ ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ kan.

Ìgbà díẹ̀ náà kò parí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí àwa tí a ní ọmọbìnrin nílé. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ yìí ti wọ Nàìjíríà, díẹ̀ nínú àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ ló kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni pé, “Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹlòmíì kọ́kọ́ gbà á.” Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tutù létí. Ó jọ pé ẹni tó sọ ọ́ kò tíì ṣe nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè bi í sí. Odindi orílẹ̀-èdè Japan sọ ọ́, a sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní HPV kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, kódà kí ojú ara kan ojú ara lásán ti tó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ti bá ẹlòmíì lò pọ̀ rí ló máa ń ní in nígbà kan láyé wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ara wọn á sì lé e dànù láàárín ọdún kan sí méjì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó wá rárá. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ṣàyẹ̀wò àwọn obìnrin Ìdíkàn, nínú ìgboro Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2004, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní in lára. Kì í ṣe ilé aṣẹ́wó ni wọ́n lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò ni, irú àwọn tí a jọ ń ná ọjà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ọmọkọ́mọ wo ẹni tí àìsàn yìí bá ṣe. Obìnrin tí kò mọ ju ọkọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ láti ìgbà ọmọge lè kó o láti ara ọkọ náà, kí ọkọ sì ti kó o kó tó mọ ìyàwó rẹ̀ rí.

Oríṣiríṣi HPV ló wà, ó ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, nọ́ńbà 16 àti nọ́ńbà 18, ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ káàkiri àgbáyé. Harald zur Hausen, onímọ̀ ará Jámánì, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló rí àwọn méjèèjì nínú jẹjẹrẹ náà lọ́dún 1983 àti 1984, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rò pé ibòmíì ni àrùn náà ti ń wá. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 2008. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí bá wọ ara obìnrin tí ara rẹ̀ kò sì lé e jáde, kò ní ṣe é ní nǹkan kan lọ́dún náà. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan lọ́dún márùn-ún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló sábà máa ń gbà á kó tó di jẹjẹrẹ, àfi bí ara onítọ̀hún bá ti rẹ̀ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ní HIV tí kò sì lo oògùn, ìyẹn lè má ju ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ẹni tó kó o ní ọmọ ogún ọdún á lọ sílé ọkọ, á bímọ, á máa ṣòwò rẹ̀ lọ, ìgbà tó bá ń sún mọ́ ogójì ọdún ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Orúkọ tí àwọn ará Japan sọ àìsàn náà ni apani-ní-ìyá, nítorí pé ìgbà tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ló máa ń kọ lu obìnrin.

Gígùn ọdún yìí ni kókó gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí òbí bá kọ abẹ́rẹ́ lónìí, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ á máa dàgbà, á rẹwà, á wọ yunifásítì, òbí á sì máa rò pé òun ṣe é ire.

Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà rèé. Wọn kò fi kòkòrò sí i, yálà òkú tàbí ààyè. Èèpo ìta kòkòrò náà nìkan ni wọ́n ṣe, inú rẹ̀ ṣófo. Ó dà bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n ti kó ọmọ inú rẹ̀ kúrò: bí a gbìn ín sí ilẹ̀ tó dára jù lọ, kò lè hù. Ṣùgbọ́n ara tó bá ti rí èèpo náà á mọ̀ ọ́n, á sì ti pèsè ohun tí yóò fi kojú ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Abẹ́rẹ́ kò lè lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ń gún un fún, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin dé sí i rárá. Ìyá tó bá ní “ọmọ mi ò tíì mọ nǹkan kan” ti sọ ìdí tó fi yẹ kí ọmọ náà gbà á báyìí. Òkèèrè ni olójú-jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ní ìparí ọdún 2010 ni ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí abẹ́rẹ́ yìí fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn òbí gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún 1994 sí 1999, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, wọ́n fi kún abẹ́rẹ́ tó yẹ kí gbogbo ọmọ gbà. Àmọ́ ṣáájú ìgbà náà díẹ̀ ni ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn àwọn ọmọ kan jáde. Ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè rìn. Ọmọ tí orí ń fọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ tó ń gbàgbé nǹkan, tí kò lè lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ náà rí, gbogbo wọn. Fídíò wọn tàn ká, àwọn ìyá wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ìjọba.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ gbangba pé àìsàn àwọn ọmọ náà kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá rí ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lórí ibùsùn, tí dókítà mẹ́ta sì wò ó tí wọn kò rí ìdí rẹ̀, kò ní jókòó ti ìwé ìwádìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ló máa nawọ́ sí. Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kò sí lọ́wọ́ ìyá tó ń sunkún. Ọwọ́ àwọn tó yẹ kó wádìí kí wọ́n sì dá a lóhùn ló wà.

Láàárín oṣù méjì àti díẹ̀ tí abẹ́rẹ́ náà wọ ètò ìjọba, ìpàdé oṣù Kẹfà wáyé, lẹ́tà sì dẹ́kun. Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ìjọba sọ fún àwọn òbí. Kò sí ẹni tó ka ìpinnu náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pé ọ̀fẹ́ ló ṣì wà, pé ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìjọba pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000, iye tó ń gbà á já wálẹ̀ títí kò fi tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 70 sí ohun tí kò tó ẹyọ kan! Nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí lọ́dún 1998 lè ní ààbò lára, kí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí lọ́dún 2002 má ní. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ju àbúrò lọ. Ọdún tí wọ́n bí i sí ló yàtọ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn mí jù ni Nagoya. Àwọn ìyá tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló ba ọmọ wọn jẹ́ ní ìlú náà lọ bá olórí ìlú, wọ́n ní kó ṣe ìwádìí. Ohun tó tọ́ gan-an ni wọ́n bèèrè. Olórí ìlú gbà, ó gbé iṣẹ́ náà lé onímọ̀ kan lọ́wọ́ ní yunifásítì ìlú, Sadao Suzuki. Wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bí 70,000 ọ̀dọ́bìnrin ìlú náà, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà á, nǹkan bí 30,000 sì dáhùn. Àmì àìsàn 24 ni wọ́n bi wọ́n léèrè, láti orí fífọ́ títí dé àìlèrìn dáadáa, dé orí ìgbàgbé, dé orí nǹkan oṣù tó ń ségesège. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, àwọn àmì náà kò wọ́pọ̀ lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan náà ń ní orí fífọ́ tí kì í lọ. Ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ náà ń gbọ̀n. Àìsàn àwọn ọmọdébìnrin náà ti wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀ ni.

Ìlú náà gbé èsì àkọ́kọ́ jáde ní ìparí ọdún 2015. Ariwo sọ, inú bí àwọn tó bèèrè fún ìwádìí náà, nígbà tó sì di ọdún 2016, ìlú fa èsì ọ̀hún sẹ́yìn. Ọdún 2018 ni Suzuki tó lè tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀. Lóòótọ́, ìwádìí tí èèyàn fi ìwé ìbéèrè ṣe ní ibi tó kù sí, nítorí ohun tí ẹni tó kọ ìdáhùn bá rántí ló máa kọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí láti orílẹ̀-èdè míì, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn àìmọye ọmọbìnrin ṣe, ń sọ ohun kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ààbò àjẹsára nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ń kìlọ̀ fún Japan lórúkọ láti ọdún 2015 pé ìpinnu tí kò ní ẹ̀rí nídìí lè ṣe ìpalára gidi.

Dókítà kan wà tó tún jẹ́ akọ̀ròyìn, Riko Muranaka. Òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kiri lòdì sí abẹ́rẹ́ náà kò dúró. Àwọn kan bú u, iṣẹ́ já mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn atẹ̀wé kò fẹ́ tẹ ìwé tó kọ, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lórí ohun tó kọ nípa olùwádìí kan, ẹjọ́ náà sì dá a lẹ́bi lọ́dún 2019. Lọ́dún 2017, ní London, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn John Maddox, èyí tó wà fún ẹni tó dúró ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lójú àtakò. Mo fẹ́ kí a rántí pé obìnrin náà pàdánù ẹjọ́, ìyẹn kò sì yí ohun tí ìṣirò Nagoya fi hàn padà.

Kí wá ni ìdádúró náà ná wọn? Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn The Lancet Public Health. Nínú àwọn ọmọbìnrin Japan tí wọ́n bí láàárín ọdún 1994 sí 2007, wọ́n ní ìdádúró tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 títí di 2019 nìkan yóò fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ fún 24,600 sí 27,300 obìnrin tí kì bá tí ní in, 5,000 sí 5,700 nínú wọn ni yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè lónìí, ara wọn yá, wọn kò mọ̀ pé àwọn wà nínú iye náà.

Nígbà tí ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ní ọdún 2022, ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ti kọjá ọjọ́ orí nígbà ìdádúró náà, pé kí wọ́n wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ọdún 2024 tí àkókò náà ń parí lọ, àwọn ọ̀dọ́bìnrin rọ́ dé ilé ìwòsàn tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fi ń wọ́n, ìjọba sì ní láti fi àkókò kún un. Inú mi dùn pé wọ́n wá. Síbẹ̀, ẹni tó gbà á ní ọmọ ọdún 25, tó ti ní ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọkọ, kò lè rí gbogbo ààbò tí ọmọ ọdún 12 máa rí. Ìyẹn kò ṣeé dá padà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ireland, àmọ́ àwọn yẹn tètè jí. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà fún àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, iye tó ń gbà á sì ti ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹgbẹ́ àwọn òbí kan dìde lọ́dún 2015, tẹlifíṣọ̀n gbé e, ìkànnì ayélujára gbé e, iye náà sì já sí nǹkan bí 51 láàárín ọdún méjì. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà ní County Clare, Laura Brennan. Ó ti kọjá ẹni tí wọ́n ń gún un fún nígbà tí abẹ́rẹ́ náà dé. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ó gba ìtọ́jú, àìsàn náà tún padà wá, àwọn dókítà sì sọ fún un pé kò ṣeé wò sàn mọ́. Ìgbà tó gbọ́ ìyẹn ló kàn sí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n lo òun. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó rẹwà, ó sì ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n wá ìmọ̀ láti ibi tó dájú, kí wọ́n dáàbò bo ọmọ wọn. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ọmọ ọdún 26. Nígbà náà, iye àwọn ọmọ tó ń gbà á ti padà gòkè dé nǹkan bí 70. Ohun tí tábìlì ìṣirò kò lè ṣe, ojú ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe é.

Àwa náà ti jẹ irú iyán yìí rí, a sì mọ adùn rẹ̀. Lọ́dún 2003, àwọn aṣáájú kan ní òkè ọya ní oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà láti sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ìpínlẹ̀ Kano dá a dúró fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Kòkòrò tó ti ibẹ̀ jáde dé nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè, ó tilẹ̀ dé Indonesia. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ojúlówó kòkòrò náà. Àmọ́ kí a tó bú àwọn ará Kano, ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀ tí iléeṣẹ́ Pfizer sì dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọ. Nǹkan bí 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà, 11 kú. Àwọn òbí ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní yírùnyírùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Lọ́dún 2009, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kano lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò ní bá ẹni tó ń sá jà. Mo kàn fẹ́ kó wo ilẹ̀ dáadáa, kó mọ èyí tó jẹ́ ejò.

Ejò tòótọ́ rèé: lọ́dún 2020 nìkan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 12,000 obìnrin Nàìjíríà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jẹjẹrẹ yìí, nǹkan bí 8,000 sì kú. Kì í ṣe pé kò ṣeé tọ́jú. Bí wọ́n bá tètè rí i, ó ṣeé wò sàn. Ìgbà tó ti pẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ń dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ìtọ́jú onítànṣán kò sì tó nǹkan ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà mú abẹ́rẹ́ náà wọ ètò àjẹsára ọmọdé. Ìpínlẹ̀ 15 àti Abuja ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Èrò wọn ni láti fún mílíọ̀nù 7.7 ọmọbìnrin. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ló wà fún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó láti fún ọmọ ní ààbò tó dúró sán-ún, ọ̀fẹ́ sì ni nílé ìwòsàn ìjọba. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ lọ́jọ́ náà pé òun ní ọmọbìnrin mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì ti gbà á. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí ju gbogbo ìwé àlẹ̀mógiri lọ.

WhatsApp kò jẹ́ kí ọjọ́ náà ṣú. Ohùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni ín ń sọ pé wọ́n fẹ́ dín wa kù, pé ọmọ tó bá gbà á kò ní bímọ. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá. Ohun tó ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí gan-an. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n kan, wọ́n á gé ilé ọmọ náà kúrò, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o, ìyẹn sì ti fòpin sí ọmọ bíbí. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà káàkiri Australia, láti ọdún 2011 ní Rwanda. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ti di abiyamọ. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe.

Ẹ̀rù tó tọ́ kí a ní nípa abẹ́rẹ́ náà kò pọ̀. Apá á dun ọmọ níbi tí wọ́n gún un. Ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, orí lè fọ́ ọ. Àwọn ọmọdébìnrin míì máa ń dákú nítorí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dìde lọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ara ọmọ kọ̀ ọ́ tagbáratagbára, àwọn nọ́ọ̀sì sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Bí ọmọ yín bá ní ohun kan tí ara rẹ̀ máa ń kọ̀, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó gún un. Bí ibà líle bá wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó lọ ná. Ìbéèrè tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní èdè yín, ẹ má sì tijú. Bí kò bá dá yín lóhùn dáadáa, ẹ lọ bá ẹlòmíì. Kí a bèèrè kò burú. Àwọn ìyá Nagoya bèèrè. Ohun tó ṣe ìpalára ni pé ìdáhùn dé, wọn kò sì gbà á.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ Scotland gbé ohun kan jáde tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ tí wọ́n bí láàárín ọdún 1988 sí 1996. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pé ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ tó ti wọ inú ara. Kò sí ẹyọ ẹnì kan.

Ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Nàìjíríà ti jáde kúrò nínú ètò ọ̀fẹ́ náà. Ó ṣì lè rà á nílé ìwòsàn aládàáni, ṣùgbọ́n iye abẹ́rẹ́ tó máa gbà lè ju ẹyọ kan lọ, owó rẹ̀ kò sì kéré fún ọ̀pọ̀ ilé. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa wá sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì fún un.

Bí ẹ bá sì ti débẹ̀, ẹ bèèrè àyẹ̀wò tiyín, pàápàá ẹni tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tàbí ọdún 25 bí ó bá ní HIV. Abẹ́rẹ́ kò mú gbogbo irú HPV, ọmọ yín náà yóò máa ṣe àyẹ̀wò yìí tó bá dàgbà. Níbi tí kò sí ẹ̀rọ ńlá, ọtí kíkan ni nọ́ọ̀sì máa fi pa ọrùn ilé ọmọ, á dúró fún ìṣẹ́jú kan, á sì wo ibi tó bá funfun. Bó bá rí ohun kan tó ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fi òtútù tàbí ooru pa á lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ padà sílé lọ dáná alẹ́.